Ìkìlọ̀ fún Ọmọ Tó Ń Lọ Kọ́ Òyìnbó ní Yorùbá

Mo gbọ́ pé lẹ́tà ti dé. Ìyá rẹ ti jó yí àdúgbò ká, bàbá rẹ ti fi àsíá Amẹ́ríkà ṣe àwòrán WhatsApp rẹ̀, pásítọ̀ yín sì ti kéde rẹ̀ kí ó tó ṣí Bíbélì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ayọ̀ bá ti pọ̀ tó báyìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fajú ro. Èmi lẹni náà. Kò sẹ́ni tó yàn mí sípò. Ewú orí mi ló yàn mí. Nítorí náà, jókòó, pa fóònù rẹ, kí o sì yé rẹ́rìn-ín. Kí ìyá rẹ àti bàbá rẹ náà jókòó.

Má sọ pé mi ò gbé òkè òkun rí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọlọ́mọ ní Yorùbá títí ẹnikẹ́ni ò fi mọ èwo ni ewú, èwo ni ẹfun lórí mi. Àwọn tí mo kọ́ ti lọ síbi tí ò ń lọ yìí, wọ́n ti bọ̀, wọ́n sì ti jókòó síwájú mi ròyìn. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi tilẹ̀ ti pẹ́ lórí ìjókòó ju àwọn àgbà yòókù lọ.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè ọ́. Gbogbo ẹbí ń pariwo pé o rí sikọ́láṣípù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ń pè ọ́ ní Dókítà. Kò sí dókítà níbẹ̀. Ètò Fulbright ni, èyí tí Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright láti Arkansas gbé kalẹ̀, tí Ààrẹ Truman sì buwọ́ lù lọ́dún 1946. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, owó ẹrù ogun tó ṣẹ́ kù káàkiri ayé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tí wọ́n fi ń rán wọn bọ̀. Ẹ̀ka tìrẹ, tí wọ́n ń pè ní FLTA, wà fún àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 21 sí 29. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án péré ni. Iṣẹ́ rẹ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ kan, kò sì sí dìgírì kankan níparí rẹ̀. Wàá kọ́ni láàárọ̀; lọ́sàn-án, ìwọ náà á jókòó sí kíláàsì, kọ́ọ̀sì méjì ní sáà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Tíṣà ni ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, àlejò sì ni ọ́. Ẹni mẹ́ta nínú ẹ̀wù kan!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màá sọ ọ́ lọ́nà púpọ̀, torí bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo ohun tí o sá fún nínú ilé bàbá rẹ, tí o ní ayé ti kọjá ìyẹn, tí o ní ti ará oko ni, ti ṣáájú rẹ dé Amẹ́ríkà. Ó ti gba ìjókòó iwájú ní kíláàsì. Ó ti nawọ́ sókè, ó fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè.

Òtútù ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ti bá ọ sọ̀rọ̀, òtútù ni wọ́n fi dẹ́rù bà ọ́. Lóòótọ́, bí wọ́n bá fi ọ́ sí Madison ní Wisconsin, wàá rí adágún Mendota tó dì gbagidi, tí àwọn àgbàlagbà tí orí wọn pé gbé àga lọ sórí rẹ̀ láti fi ìwọ̀ pẹja. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ibẹ̀ á ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, wàá rò pé òjò ló ṣú. Ra kóòtù tó nípọn, ra bàtà tí omi kì í wọ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Òtútù kì í bi èèyàn ní ìbéèrè, ohun tí kì í bini ní ìbéèrè kò sì lè dójú tini.

Wo ìkíni ná. Ẹni tó bá pàdé rẹ lọ́nà á ní báwo ni. Kí o tó la ẹnu, ó ti kọjá. Má sáré tẹ̀lé e láti ròyìn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ á pè ọ́ lórúkọ gan-an, láìsí tíṣà, láìsí ọ̀gá. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì fún ọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀kan á gbé ẹsẹ̀ lé àga, á máa jẹ búrẹ́dì bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbé ìbínú rẹ mì. Ìlú wọn nìyẹn. Ibi tí ẹjọ́ wà ni ọjọ́ tí o bá kọ́ wọn ní "ẹ káàárọ̀," tí o wá fi ìgbéraga ṣàlàyé pé Yorùbá kì í fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan á nawọ́ sókè. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi tí mo lè bí lọ́mọ ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ "ẹ" lẹ̀ ń sọ fún lánlọ́ọ̀dù, tó sì jẹ́ "ìwọ" ni Bíbélì yín fi ń pe Ọlọ́run? Ó yá, dáhùn. Gbogbo ojú ló ń wò ọ́, ìwọ tí o ti ń gbàdúrà láti kékeré, tí o kò sì bi ara rẹ rí.

Nísinsìnyí, mọ àwọn tó máa jókòó síwájú rẹ. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn, ilé wọn wà ní Houston tàbí Chicago. Ó gbọ́ Yorùbá, kò lè sọ ọ́. Bí o bá fara balẹ̀ yẹ ohun tó gbọ́ wò, wàá rí i pé ìbáwí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: "Ṣé orí ẹ pé?" "Ta lò ń wò báyẹn?" "Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún!" Ìyókù jẹ́ àṣẹ ilé ìdáná: "Wá jẹun," "Lọ fọ abọ́." Nígbà tí inú bá ń bí wọn ni wọ́n ń sọ èdè baba rẹ̀ sí i, bí wọ́n bá fẹ́ yìn ín, Gẹ̀ẹ́sì ni. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá kí ó lè bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣàwàdà, bí a ṣe ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà, bí a ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìbáwí ti tó o.

Ìkejì ni onígírámà. Ó ti ka ìwé gírámà Bámgbóṣé, ó ti ka ti Awóbùlúyì, ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò ti ṣe déédéé. Á ní kí o pe "ọmọ," o pè é. Á ní kí o sọ pé ọmọ lọ, o sọ ọ́. Á wá ní, ohùn òkè wo lòun gbọ́ níparí "ọmọ" ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, tí kò sí níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́? Láti ìgbà tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ohùn òkè yẹn ti ń jáde lẹ́nu rẹ, o kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òyìnbó ló wá fi hàn ọ́ nínú ẹnu ara rẹ. Má purọ́ fún un. Má sì sọ pé bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́, torí ìdáhùn ọ̀lẹ nìyẹn. Ní kó fún ọ di Ọjọ́bọ̀, kí o lọ kàwé.

Ìkẹta ló máa gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, orúkọ tó sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀ṣun tàbí Ṣàngó nínú. Ó ti dé Ọ̀yọ́túnjí, ìlú tí Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi tẹ̀ dó ní South Carolina lọ́dún 1970. Ó mọ orin Yemọja tó kọ́ lẹ́nu ará Cuba, tí ohùn rẹ̀ ti yí pa dà lójú òkun, ó sì fẹ́ kí o bá òun wádìí ohun tí orin náà ń wí. Ìwọ á wá fajú ro, wàá ní onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé yín. Ta ló bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Kò pè ọ́ síbi ìbọ. Èdè rẹ ló ń bi ọ́. Lọ́dún 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn àjogúnbá tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà sì wọ ìwé ogún àgbáyé lọ́dún kan náà. Ìwọ tí Òṣogbo ò jìnnà sí ilé yín, inú mọ́tò lo ti máa ń rí pátákó rẹ̀, tí wàá sì yíjú síbòmíràn. Mi ò ní kí o lọ bọ ohunkóhun. Mo ní kí o lè ka Odù mẹ́rìndínlógún láti Èjì Ogbè dé Òfún, kí o sì mọ ohun tó ya babaláwo sọ́tọ̀ sí adáhunṣe. Mi ò tíì rí ẹni tí ìmọ̀ orúkọ lé kúrò nínú ìgbàgbọ́.

Ìkẹrin ń wá máàkì ni tirẹ̀. Yunifásítì rẹ̀ ló ní dandan kó kọ́ èdè àjèjì kan, àkókò kíláàsì rẹ ló sì bá tirẹ̀ mu. Jẹ́ kó ta ayò ọlọ́pọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. Fi fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe hàn án, kó rí ohun tí Ọba Lápité fojú ìlú Jogbo rí. Ó lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún sáà kejì.

A dé orí ìṣirò, níbi tí ìtìjú pọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá rẹ. Bàbá rẹ pé 65. Ìwọ tí o ń pe "síkísítì-fáìfù" lọ́jà Bódìjà, tí ìyá aláta náà sì ń dá ọ lóhùn bẹ́ẹ̀, wàá dúró síwájú pátákó, wàá máa ka ìka. Márùndínláàádọ́rin ni. Mú ogún mẹ́rin, yọ ẹ̀wá, tún yọ àrún. Òyìnbó tó jókòó lẹ́yìn á ti mú kálámù, á ti rí ọgbọ́n rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á ní ìṣirò àwọn baba yín mà jinlẹ̀ o. Ìwọ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọrọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ.

Ti àmì ohùn ńkọ́? Nínú WhatsApp ẹbí, ìhòòhò lo máa ń kọ Yorùbá: àmì ò sí lórí, àmì ò sí nísàlẹ̀, ẹni tó bá kà á á máa méfò. Rántí pé kì í ṣe ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó gbé èdè yìí kọ́ni lẹ́yìn odi. Àjàyí Crowther ni baba ńlá gbogbo olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1843, nígbà tí kò tíì tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Lọ́dún 1844, ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní Freetown. Lọ́dún 1875, àwọn àgbà ìjọ forí korí l'Ékòó, wọ́n jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè náà sílẹ̀. Wọn ò ní iná mànàmáná. Ìwọ ní fóònù, o ní kò sí àmì lórí rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ti rí i, wọ́n á sì dá ìwé tí o pín fún wọn pa dà fún ọ pẹ̀lú íǹkì pupa.

Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ á pè ọ́ sí ọ́fíìsì, á kìlọ̀ fún ọ pé Gẹ̀ẹ́sì tí ò ń sọ ní kíláàsì ti pọ̀ jù. Á ní Yorùbá ni kí o máa sọ. Bí wọn ò bá gbọ́, fi ọwọ́ júwe, ya àwòrán, fò sókè bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ ní pírámárì torí pé o sọ fanákúlà! Wàá rò pé ó ń dán ọ wò. Kò dán ọ wò. Nílé níbí, lágbègbè Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà láti 1970, kò sì pa Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà lára. Ilé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ilé náà ló sì ń gba owó ìtanràn.

Òfin kan tún wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1974 tó ní o kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ han ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún ọ, ìwọ tí wọ́n lẹ èsì rẹ mọ́ ògiri, tí wọ́n sì ka orúkọ ẹni tó gbẹ̀yìn sókè kí gbogbo ilé-ìwé lè rí nǹkan fi ṣe ẹ̀rín. Bí ìyá ọmọ wa yẹn bá pè ọ́ láti Houston, tó pè ọ́ ní àbúrò òun, tó ní kí o jọ̀ọ́ sọ bí ọmọ òun ṣe ń ṣe sí, kí i dáadáa, bèèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀, ṣe àdúrà gígùn fún un, má sì sọ nǹkan kan.

Ti oúnjẹ kò tó ohun tí à ń jókòó lé lórí. Bó bá jẹ́ ìlú ńlá ni, wàá rí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, wàá rí iṣu tó wá láti Gánà, wàá rí èlùbọ́. Ṣùgbọ́n má gbé epo pupa kaná títí á fi máa rú èéfín, torí pé o fẹ́ se ọbẹ̀ ayamáṣe. Ẹ̀rọ kan wà lókè àjà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọbẹ̀ àti ilé tó ń jó. Á ké, gbogbo ará ilé á tú síta sínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, panápaná á dé, wọ́n á sì bi ọ́ pé kí lò ń sè. Ìbéèrè nìyẹn náà. Fi sùúrù dáhùn.

Ti owó ńkọ́? Owó ẹnì kan ni wọ́n ń san fún ọ. Ètò náà kò sanwó fún ọkọ, aya tàbí ọmọ, ká má tíì wá sọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Bí aago mẹ́fà òwúrọ̀ bá lù n'Íbàdàn, òru ni ní Wisconsin: wákàtí mẹ́fà ni ilé fi ṣáájú wọn títí di oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n á yí aago wọn pa dà tí yóò di méje. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ò mọ̀, kò sì fẹ́ mọ̀. Á pè, á ní, "Dókítà, ṣé o ti sùn ni?" Bí o bá ti sùn, ó ti jí ọ; bí o kò bá tíì sùn, gbọ́ ohun tó fẹ́ rà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìjọba wọn á ṣì máa retí fọ́ọ̀mù owó orí rẹ kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin tó kọjá.

Mo tún mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ sí ọ létí. Wọ́n ní bí o bá ti jápa, kí o má bojú wẹ̀yìn. Físà tí wọ́n fún ọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, ilé ni, ọdún méjì sì ni wàá lò nílé kí o tó lè béèrè fún físà àwọn tó fẹ́ lọ fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Má pè é ní ìjìyà. Ọdún méjì yẹn ló máa tó ọ láti fi dáhùn ìbéèrè tí ọmọbìnrin yẹn bi ọ́ nípa lánlọ́ọ̀dù àti Ọlọ́run. Kọ́lá Túbọ̀sún lọ lórí ètò yìí lọ́dún 2009, wọ́n fi í sí Southern Illinois University Edwardsville. Ó fi ìlú náà kọ ìwé ewì tó jáde lọ́dún 2018. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìwọ alára máa sá lọ ní kọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi ọ́ ní ìtumọ̀ orúkọ rẹ.

Ọ̀rọ̀ mi tán, ìdánwò ló kù. Dìde dúró. Kà láti 41 dé 60 fún mi ní Yorùbá, má sì lo ìka. Bí o bá parí, ki oríkì ìdílé yín láti òkè dé ilẹ̀. Má wo ojú ìyá rẹ. Ìyá rẹ ń wo ojú bàbá rẹ, bàbá rẹ sì ti ń wo àjà. Ó dáa. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Aago mẹ́rin ọ̀la ni kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí kálukú mú ìwé àti kálámù tirẹ̀ wá. Owó ẹ̀kọ́ mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n n kì í la ẹnu kí n tó gbà á.